Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, Ẹni tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Ṣíwájú Ìwàásù Rẹ̀ Dé Èkìtì

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé àti lẹ́yìn odi, bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó ṣe ilẹ̀ Èkìtì lóore, àwọn jagunjagun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà àti Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí kò lè parẹ́ nínú ìtàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò di ìbọn mú, tí kì í sì í ṣe ọmọ bíbí Èkìtì, tí ó ṣe wá ní oore tí a ń jẹ èrè rẹ̀ títí di òní. Ẹni náà ni olóògbé Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips ti Oǹdó. Púpọ̀ nínú àwa tí à ń wọ ilé ìsìn ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré ni kò mọ̀ ọ́n mọ́. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀ nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí.

Baba rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Charles Phillips, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti Sàró padà sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọ C.M.S. ní ìlú Ìjàyè. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ Sàró ní ìgbà náà mọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀: àwọn tí a ti kó lẹ́rú tà sí òyìnbó, tí a sì gbà sílẹ̀ lójú òkun. Ní ọdún 1862 Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè, ìlú ńlá náà sì di ahoro. Ilé tí oko ẹrú àti ogun ti fi ọwọ́ kàn báyìí ni ọmọ náà ti jáde wá.

Ní ọdún 1877 ìjọ rán an lọ sí Oǹdó. Ní ìgbà náà, Oǹdó ni ẹnu ọ̀nà tí ó já láti Èkó sí Èkìtì láìgba ilẹ̀ Ìbàdàn kọjá. Kò pẹ́ tí ó débẹ̀ tí gbogbo ilẹ̀ fi dàrú. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti sú àwọn ará Èkìtì. Ní ọdún 1878 Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, ogun Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó ń ra ìbọn tuntun, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó lọ sí ojú ogun. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ojú ọ̀nà tí àlùfáà yìí ń rìn láti wàásù ni ẹrù ìbọn ń gbà kọjá.

Ọdún ń gorí ọdún, ogun náà kò sì parí. Kì í ṣe pé ìjà kò tíì sú wọn. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni kò sí. Ìbàdàn kò fẹ́ kọ́kọ́ kúrò ní bùdó kí Èkìtì má bàa lé e lẹ́yìn, Èkìtì náà kò sì fẹ́ kọ́kọ́ tú ká kí Ìbàdàn má bàa padà wá kó o lẹ́rú. Aláàfin Adéyẹmí bẹ ìjọba Èkó pé kí ó bá wọn dá sí i. Àlùfáà òyìnbó kan, J. B. Wood, lọ sí bùdó méjèèjì, ṣùgbọ́n kò lè parí rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, àgbẹ̀ kò fọkàn balẹ̀ lọ sóko, obìnrin kò sì lè dá rin ọ̀nà ọjà. Àwọn ìlú ìhà gúúsù Èkìtì náà kò bọ́ nínú ìpayà yìí.

Ní ọdún 1886 Gómìnà Moloney yan àlùfáà dúdú méjì. Samuel Johnson ni ó rán sí Aláàfin àti Ìbàdàn, Charles Phillips ni ó sì rán sí àwọn ọba àti àwọn balógun Èkìtìparapọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìbàdàn ni ó fọ́ ìlú tí baba Phillips ti ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ì bá ti sọ pé kí ogun máa jà títí a ó fi gbẹ̀san. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà mọ̀ pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré. Phillips wọ inú bùdó Èkìtì, ó bá wọn jókòó, ó gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn, ó sì gbé e padà fún àwọn tí ó rán an.

Ìwé àdéhùn tí a fi ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1886 sí sọ pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà yóò wà ní òmìnira. Ó ní Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrèsì àti Àdá yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ará ìlú wọ̀nyí tí ó bá fẹ́ kúrò lè kúrò. Lẹ́yìn èyí, Phillips àti Johnson tún bá àwọn aṣojú ìjọba padà lọ sí ojú ogun. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, a kéde àlàáfíà, àwọn ọmọ ogun tú ká, wọ́n sì sun bùdó.

Ní ọdún 1893, nígbà tí Ìbàdàn bá ìjọba Èkó ṣe àdéhùn, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Èkìtì tí ó wà lóko ẹrú láti padà sílé. Lára wọn ni àwọn tí ó ti gba Krístì gbọ́ ní ìgbèkùn wà. Gbogbo Adó ni ó mọ ìtàn Ifámúbọ̀ní, tí ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Babamúbọ̀ní, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìsìn Ọlọ́run láàrin àwọn ará ìlú rẹ̀. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Phillips wá pàdé nígbà tí ó ń ti Oǹdó bẹ Èkìtì wò, tí ó sì ń rán olùkọ́ sí àwọn ìlú. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé kò mọ ìyà àwọn. Àlàáfíà tí ó bá wọn wá ti dé ṣáájú ìwàásù rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1893 yìí kan náà ni a fi òun àti Isaac Olúwọlé jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní ilé ìsìn St. Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù. Oyè náà kò ṣàìní ìkorò nínú. Lẹ́yìn ikú Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ní ọdún 1891, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń retí pé ọmọ ilẹ̀ wa ni yóò gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni a fi ṣe olórí, a sì fi àwọn méjì yìí ṣe igbákejì. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ààbọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n. Àwa náà kò ní pe ìyànjẹ yìí ní ohun rere. Síbẹ̀ Phillips padà sí Oǹdó, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ títí ó fi kú ní ọdún 1906. Ọmọ rẹ̀, Ẹkúndayọ̀ Phillips, ni ó wá di olórí akọrin àti atẹdùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè lọ wo ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, tí ó wà ní British Museum. Wọn yóò rí Ọba lórí ìtẹ́, wọn yóò sì rí aṣojú ìjọba òyìnbó tí a fi aṣọ gbé wá. Òtítọ́ ni pé ọ̀nà tí àlàáfíà là ni ìjọba òyìnbó gbà wọlé. Ṣùgbọ́n lára ilẹ̀kùn náà, ẹ kò ní rí àlùfáà dúdú tí ó ti wá ṣáájú wọn láti bẹ̀bẹ̀ pé kí ogun ó dáwọ́ dúró. Ọwọ́ wa ni gbígbẹ́ ère tirẹ̀ wà.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, orúkọ ìrìbọmi kò ṣọ̀wọ́n láàrin wa mọ́, ilé ìsìn sì pọ̀ ní gbogbo àdúgbò. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò dìde lọ pàdé àwọn tí ń jà lórí ààlà ilẹ̀ tàbí lórí oyè, tí yóò bá apá méjèèjì jókòó, tí kò sì ní gba rìbá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá onígbàgbọ́ ni àwa í ṣe, kí ó wo bí a ti ń tọ́jú opó, bí a ti ń rán ọmọ aláìní lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àti bí a ti ń parí ìjà àárín ara wa. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àlàáfíà tí àwọn ẹni ìṣáájú fi ẹsẹ̀ rìn wá fún wa bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.