Àjàyí Tí Kò Mọ Ibi Tí A Ń Mú Un Lọ

 Ìgbà tí Ìjọ yà sọ́tọ̀ láti máa retí Bíbọ̀ Olúwa ni Àdífẹ́ńtì, a sì mọ̀ pé ìrètí tí ó pẹ́ kì í rọrùn fún ọkàn. Nínú wa ni ẹni tí ó kó owó lé ọjà tí ọjà kò sì tà. Nínú wa ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí a gbé kúrò ní ìlú tí ó ti mọ́ ọn lára, tí ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi òun ṣe ní ẹ̀yìn odi. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ díẹ̀ nínú ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ ni a máa ń rántí: a ń rí bíṣọ́ọ̀bù, a kì í rí ẹrú.

Ìlú Òṣoògùn, ní apá Ìsẹ́yìn, ni a ti bí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí àwọn ènìyàn ti ń múra àtijẹun, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú náà. Wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì fi okùn so Àjàyí pọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ni lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ náà padà. Ó bọ́ sí ọwọ́ obìnrin Mùsùlùmí kan, lẹ́yìn náà wọ́n fi í gba tábà àti ọtí líle. Nígbà tí ó fura pé a ó tà á fún àwọn Potogí, ó pinnu láti pa ara rẹ̀. Ní òru, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó fi ọ̀já rẹ̀ sí ọrùn, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbà á láti fà á le.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Àwa kò sọ pé Ọlọ́run ni ó rán àwọn akónilẹ́rú. Ibi ni ibi ń jẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ibi kò ní agbára láti gba ọmọ yìí kúrò lọ́wọ́ Ọlọ́run, bí kò ti lè gba Jósẹ́fù. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá sọ èyí fún Àjàyí ní òru ọjọ́ náà kí ó gbà á gbọ́?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó, pẹ̀lú bí ẹrú 187. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi lé wọn bá, tí wọ́n sì gbà wọ́n. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ pé ìdáǹdè ti dé. Wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so rọ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ṣe bí ẹran ara àwọn ẹgbẹ́ wọn ni. Wọ́n rí ọta ìbọn àgbá, wọ́n ṣe bí orí ènìyàn ni. Àwọn tí ó wá gbà wọ́n là ni wọ́n ń sá fún.

Wọ́n mú un dé Sàró. Láàárín oṣù mẹ́fà ó ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 a ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel. Ọjọ́ Ìsinmi kẹta nínú Àdífẹ́ńtì ni ọjọ́ náà. Ní ọdún 1843 ó gba oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó kọ́kọ́ fi èdè Yorùbá wàásù ní Freetown, ní oṣù Kíní ọdún 1844, ọ̀rọ̀ tí áńgẹ́lì bá Màríà sọ nínú Lúùkù orí 1 ni ó mú.

Ní ọdún 1845 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé Badagry, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì ń lọ. Wọ́n bá ìròyìn pé Ṣódẹkẹ́, olórí tí ń retí wọn, ti kú, ọ̀nà sì ti dí. Bí ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró sí etíkun. A lè rò ó bí ìyẹn ti rí lára ẹni tí ó ti ń fojú sọ́nà fún ilé láti ìgbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jókòó lásán. Ó ń wàásù.

Ọ̀nà là ní ọdún 1846. Kò pẹ́ tí ó dé Abẹ́òkúta ni ìyá rẹ̀ gbọ́, ó sì wá. Ọdún 25 ni wọn kò ti fojú kan ara wọn. Ìyá náà ń gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé sì ń dà lójú ìyá. Ní ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún un, a sọ ọ́ ní Hánà. Ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì náà ń jẹ́ Hánà.

Àwa tí a ń gbé Òkè Ọya kò gbọdọ̀ gbàgbé pé bàbá yìí gba ojú Odò Ọya kọjá léraléra. Ní ọdún 1857 ọkọ̀ wọn fọ́ lórí àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà. Ní ọdún 1864 a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ní nǹkan bí ọdún 1884, iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ parí: odindi Bíbélì wà ní èdè wa.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó rẹ̀ korò. Ní ọdún 1890 àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tàbùkù sí i, wọ́n sì lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, kò sì sí ẹni tí ó tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Oyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 2014 ni Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Justin Welby tó tọrọ àforíjì ní Canterbury nítorí ìwà àìtọ́ tí a hù sí i.

Ẹ̀yin ará, ìdí nìyí tí a kò fi lè sọ pé ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run yóò rí gbogbo rẹ̀ kí ó tó kú. Crowther rí ìyá rẹ̀. Kò rí ìdáláre rẹ̀. Ọwọ́ Ọlọ́run kan náà ni méjèèjì wà.

Ẹ jẹ́ kí a ka Bíbélì tí ó fi sílẹ̀ fún wa nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí, ní alaalẹ́, pẹ̀lú àwọn ará ilé wa. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí a ka Jẹ́nẹ́sísì orí 37, àti 39 dé 41. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, orí 42 dé 50. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwé Hábákúkù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Lúùkù orí 1 àti 2. Kí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ dí má ṣe pa ìwé dé. Kí Olúwa tí ń bọ̀ bá wa lójúfò, kí ó sì mú wa rí Kérésìmesì pẹ̀lú ayọ̀. Àmín.