Adé Love, ọmọ Agbamu tí fíìmù rẹ̀ dé Tashkent

Lọ́sẹ̀ yìí, ìtàn ẹnì kan tí ó ti di olóògbé láti ọdún 1996 ni a gbé wá fún yín. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa mọ Kúnlé Afọláyan, ẹni tí ó ṣe fíìmù Aníkúlápó ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé ta ni baba rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn yóò dákẹ́. Àwọn àgbà sì ti wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Adéyẹmí Afọláyan ni orúkọ baba náà, Adé Love ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọdún 1940 ni wọ́n bí i, ọmọ Agbamu ni, ní ìpínlẹ̀ Kwara. A fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí èyí, ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ẹ̀yin ará Ìlọrin àti ẹ̀yin Ìgbómìnà tí ẹ pọ̀ láàárín wa níhìn-ín. Ẹni yín ni. Nígbà tí wọ́n bí i, abẹ́ Òkè Ọya ni àwọn Òyìnbó fi ilẹ̀ náà sí, Kàdúná wa yìí sì ni olú ìlú tí àṣẹ ti ń wá.

Ní ọdún 1966, Afọláyan wọ ẹgbẹ́ eré Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Iṣẹ́ eré ìgbà náà kì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó. Wọn a kó aṣọ, ìlù àti ènìyàn sínú ọkọ̀, wọn a máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dé Òkè Ọya pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ibikíbi tí ọmọ Yorùbá bá ti ń ṣòwò tàbí tí ó ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí ẹni tí yóò sanwó wọlé wá wòran. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ní 1971, Afọláyan dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń ṣe eré apanilẹ́rìn-ín káàkiri.

Ọdún 1976 ni nǹkan yí padà. Ọlá Balógun, ẹni tí ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Paris, ti ṣe fíìmù kan ní èdè Ígbò ní ọdún 1975, Amadi ni wọ́n pè é. Òun àti Adé Love wá pawọ́ pọ̀ ṣe Àjàní Ògún. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan ni, tí ó kojú alágbára oníwà ìbàjẹ́ tí ó gba ohun ìní baba rẹ̀. Fíìmù yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ọ̀kan mọ iṣẹ́ kámẹ́rà, èkejì mọ ohun tí ó ń pa ará wa lẹ́rìn-ín àti ohun tí ó ń pa wọ́n lẹ́kún. Ọwọ́ kan kò sá gbé ẹrù dórí. Wọ́n tún jọ ṣe Ìjà Òmìnira, èyí tí wọ́n mú láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, ó ṣe Kádàrá. Èyí jẹ́ tirẹ̀ gan-an: òun ni ó kọ ọ́, òun ni ó náwó lé e, òun náà ni ó sì jẹ́ olórí òṣèré inú rẹ̀. Kádàrá ni wọ́n gbé lọ sí àjọ̀dún fíìmù àwọn ará Áfíríkà àti Éṣíà ní Tashkent, ní ilẹ̀ Uzbekistan, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Soviet nígbà náà. Ẹ rò ó wò. Ọmọ Agbamu, tí kò rí owó ìjọba gbé e ró, ni fíìmù rẹ̀ dé ibẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Ní ìgbà náà, kò sí ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù aláwọ̀ ní Nàìjíríà, òkè òkun bíi London ni wọ́n ń gbé e lọ, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì fi ń sanwó rẹ̀. Ẹ̀dà tí ó ń padà wá kì í pọ̀. Ẹni tí ó ni ín ni yóò gbé e sínú ọkọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé e sára ògiri, tí yóò máa háyà gbọ̀ngàn láti ìlú dé ìlú, tí yóò sì dúró tì í títí eré yóò fi parí. Bí ẹ̀dà kan bá bọ́ sọ́wọ́ olè, gbèsè dé nìyẹn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Sàlá nìyẹn lórí Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982: àwọn ayédèrú ti tà á káàkiri kí ẹni tí ó ṣe é tó rí owó rẹ̀ kó. Nígbà tí Bàbá Sàlá tún gbìyànjú, tí ó ṣe Mosebọ́látán, Adé Love wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà. Ọmọṣẹ́ tí ó ti ya lọ kò gbàgbé ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ ìṣòro.

Adé Love tún ṣe Ìjà Orogún, Ìyá ni Wúrà àti Taxi Driver. Lẹ́yìn tí owó náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ láti ọdún 1986, fíìmù irú ti àtijọ́ wá di ohun tí apá ọ̀pọ̀ kò ká mọ́, wọ́n sì yà sí fídíò. Ní òpin ọdún 1996, Afọláyan jáde láyé. Kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Kúnlé, Mojí, Gabriel àti Àrẹ̀mú, inú iṣẹ́ yìí ni gbogbo wọn wà. Ní ọdún 2010, fíìmù Kúnlé, The Figurine, gba ẹ̀bùn márùn-ún níbi ìdíje fíìmù Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní AMAA. Tóyìn Afọláyan tí ẹ mọ̀ sí Lọ́lá Ìdíjẹ, àbúrò Adé Love ni.

Kí ni èyí kàn wá ní Kàdúná? Ó kàn wá gidigidi. Nínú ilé wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ń bá sọ Yorùbá tí wọ́n ń fi Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Hausa dára, òun ni a fi ń bá àwọn onílé wa gbé, kò sì yẹ kí ọmọ wa má gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan láàárín wa ń sọ pé èdè Yorùbá kò wúlò fún ọmọ tí a bí sí Òkè Ọya. Ìgbésí ayé Adé Love ti dá wọn lóhùn. Èdè yìí ni ó fi jẹun, òun ni ó fi tọ́ ọmọ, òun náà ni ó gbé e dé ibi tí kò sí ẹnì kan tí ó gbọ́ Yorùbá.

Ẹ̀kọ́ kejì ni títọ́jú nǹkan. Ní ọdún 1976 kan náà tí Àjàní Ògún jáde, Adamu Halilu ṣe Shaihu Umar ní èdè Hausa, láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn rò pé ó ti sọnù. Ní 2016, wọ́n rí i nínú ilé ìpamọ́ ìjọba ní Jos. Wọ́n tún un ṣe, ó sì di wíwò ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní ọdún 2018. Ohun tí ẹnì kan fi pamọ́ ni ẹlòmíràn rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, ẹ wo inú àpótí àti orí àjà yín. Bí ẹ bá ní kásẹ́ẹ̀tì, rẹ́kọ́ọ̀dù, fọ́tò tàbí ìwé ìkéde eré àtijọ́, ẹ má fi dáná, ẹ má tà á fún oníkólẹ̀kódọ̀tí. Ẹ mú un wá sí ìpàdé ìlú yín. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù tí a ó máa kó àwọn ọmọ jọ wo fíìmù Yorùbá tí ó dára, kí àgbà kan sì jókòó tì wọ́n láti túmọ̀ òwe tí kò bá yé wọn. Owó kékeré ni yóò ná wa. Bí a kò bá ṣe é, ohun tí yóò ná wa pọ̀ ju owó lọ.