Mary Kingsley àti Ẹja Inú Ìgò

Arìnrìn-àjò ni ọ̀pọ̀ mọ Mary Kingsley sí. Nítorí ẹja ni mo ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1862. Kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwé. Ìwé bàbá rẹ̀, tó jẹ́ dókítà, ló ń kà nílé, ó sì ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Àwọn òbí méjèèjì kú lọ́dún 1892, oṣù díẹ̀ síra wọn. Lọ́dún kejì ló wọkọ̀ ojú omi wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Kó tó padà wá ní ìparí 1894, Albert Günther, àgbà onímọ̀ ẹja ní British Museum, fún un ní ohun èlò ìkẹ́jajọ. Ní Kàlàbá àti lódò Ogowe ní Gabon, ó ń kó ẹja sínú ìgò ọtí líle kó má bàa jẹrà. Günther kọ ìwé lórí wọn ní 1896. Ẹja mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ Kingsley, ọ̀kan nínú wọn ni Ctenopoma kingsleyae. (-ae ìparí yẹn ni Látìn fi sọ pé obìnrin ni, Yorùbá ò yọra rẹ̀ lẹ́nu.)

Lọ́dún 1896 yẹn kan náà ni Svante Arrhenius, ará Sweden, ṣe ìṣirò bí kábọ́ọ̀nù-dàì-ọ́sáìdì ṣe lè mú ayé gbóná. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti wá pàdé báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹja máa wà bí omi bá gbóná sí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, irú ìgò Kingsley ló sì ń sọ ọ́.

Àmọ́ ìgò nìkan ò tó. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ ara ẹja tó móoru ń béèrè fún púpọ̀ sí i. Ctenopoma yìí lè yọrí sókè kó mí afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí àrọ̀ tí à ń sè ní Afo. Èyí tó jẹ́ pé inú omi nìkan ló ti lè mí ò níbi tó máa sá sí. Nítorí náà, ìwọ̀n ooru kan náà lódò Ọ̀sẹ́ lè pa ẹja kan, kó sì fi àrọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ooru nìkan ṣírò máa ṣì í.

Kingsley ò pẹ́ láyé. Ó lọ tọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun Boer ní Simon's Town, Gúúsù Áfíríkà, ibà táífọ́ọ̀dù sì pa á níbẹ̀ ní June 3, 1900, lẹ́ni ọdún 37. Inú òkun ni wọ́n sin ín sí, bó ṣe fẹ́.