Ìyá Àwọn Ọmọ Tí A Kọ̀ Sílẹ̀: Ìtàn Mary Slessor

 Ní àsìkò yìí, ẹ jẹ́ kí a gbé ìgbésí ayé Mary Slessor yẹ̀ wò, obìnrin tí kò lọ́kọ, tí kò sì fi inú ara rẹ̀ bímọ, síbẹ̀ tí ọmọ kún ilé rẹ̀ títí ó fi kú.

A bí i ní 1848 ní Aberdeen, ní ilẹ̀ Skọ́tláǹdì. Iṣẹ́ bàtà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n ọtí kò jẹ́ kí owó délé. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Dundee, Mary bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní ọmọ ọdún 11, ààbọ̀ ọjọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ààbọ̀ ọjọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti máa ń gbọ́ ìròyìn iṣẹ́ Ìhìnrere ní Kàlàbá. Ní 1876, ìjọ Presbyterian rán an lọ síbẹ̀.

Èèwọ̀ ni ìbejì ní àgbègbè náà nígbà náà. Àwa tí inú wa ń dùn sí Táíwò àti Kẹ́hìndé, ó lè ṣòro fún wa láti gbà gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀mí búburú ni bàbá ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Wọn a gbé àwọn ìkókó náà sínú ìkòkò, wọn a jù wọ́n sínú igbó, wọn a sì lé ìyá wọn kúrò láàrin ènìyàn. Mary bẹ̀rẹ̀ sí kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wálé. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ti pa èkejì rẹ̀. Mary sọ ọ́ ní Janie, orúkọ àbúrò tirẹ̀ gan-an, ó sì gbé e dání lọ sí Skọ́tláǹdì ní 1883.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1886, ìyá Mary kú. Láìpẹ́, Janie àbúrò rẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀, òun nìkan ló kù. Kò sí ẹni tí yóò kọ lẹ́tà sí nílé mọ́.

Ní 1888, ó kó ọmọ márùn-ún dání, ó gba inú òjò lọ sí Okoyong, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù. Níbẹ̀, ní Ekenge, Ọlọ́run fún un ní ọ̀rẹ́ kan. Ma Eme ni orúkọ rẹ̀, opó ni, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òun àti Edem baálẹ̀. Kò di Kristẹni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Mary. Bí ó bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, yóò fi ìgò oògùn ránṣẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gba oògùn. Àmì tí àwọn méjèèjì jọ mọ̀ nìyẹn. Mary a sì múra láti lọ dá wọn lẹ́kun.

Ọkùnrin kan, Charles Morrison, olùkọ́ ní ilé iṣẹ́ Ìhìnrere, fẹ́ fi í ṣaya. Àwọn aláṣẹ kò gbà kí ó lọ gbé ní Okoyong. Mary náà kò fi Okoyong sílẹ̀. Ìgbéyàwó náà kò ṣeé ṣe mọ́.

Ní 1898, nígbà tí ó ní láti lọ sinmi nílé, ó kó ọmọbìnrin mẹ́rin dání lọ sí Skọ́tláǹdì: Janie, Mary, Alice àti Maggie. Nígbà tí ó kú ní Use ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1915, àwọn ọmọbìnrin tí ó tọ́ ló wà lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀. Kàlàbá ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yin ìyá, ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Opó wà láàrin wa, ẹni tí ń wojú Olúwa fún ọmọ wà, ẹni tí ará ilé rẹ̀ jìnnà náà wà. Ǹjẹ́ a mọ ilé wọn? Ta ló ń bẹ̀ wọ́n wò bí ìpàdé bá ti túká? Abọ́ oúnjẹ kan, ìbẹ̀wò kan, owó ilé ìwé ọmọ aláìní kan, ibẹ̀ ni ẹbí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí Olúwa fi wá ṣe ìyá fún ẹni tí kò ní ìyá, kí ó sì fún olúkúlùkù wa ní ọ̀rẹ́ bíi Ma Eme. Àmín.