Dókítà Frederick Banting àti oògùn ìnsúlínì

Láyé àtijọ́, bí ọmọdé bá ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, kò sí oògùn tó lè gbà á là. Ọmọ náà á máa mu omi, òùngbẹ kò ní tán. Á máa tọ̀ ní gbogbo ìgbà. Á máa jẹun, á sì máa rù. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lò ju ọdún kan tàbí méjì lọ kí wọ́n tó kú. Àwọn dókítà a máa fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀ péré kí wọ́n lè pẹ́ sí i. Àrùn ń pa wọ́n, ebi náà ń pa wọ́n.

Frederick Banting wà lára àwọn tó yí ọ̀rọ̀ yìí padà.

Wọ́n bí Frederick ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, ọdún 1891, nítòsí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Alliston, ní ilẹ̀ Kánádà. Kánádà jìnnà sí wa gan-an, òtútù sì pọ̀ níbẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Òun ni àbíkẹ́yìn àwọn òbí rẹ̀. Oko ni ó gbé dàgbà.

Nígbà tí ó wọ yunifásítì ní ìlú Toronto, kò yege ní ọdún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kò fi ìwé sílẹ̀. Ó bọ́ sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó sì di dókítà ní ọdún 1916.

Nígbà náà, Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Banting lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1918, òun náà fara gbọgbẹ́ ní apá. Síbẹ̀, kò dẹ́kun láti tọ́jú àwọn tó kù.

Lẹ́yìn ogun, ó padà sí Kánádà, ó ṣí ilé ìtọ́jú kan. Aláìsàn kò wá. Ní oṣù àkọ́kọ́, dọ́là 4 péré ni ó rí. Nítorí náà, ó fi iṣẹ́ olùkọ́ kún un.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá, ọdún 1920, Banting ń múra ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ náà dá lórí ẹ̀yà ara kan tó wà nínú ikùn wa, lẹ́yìn àpòlúkù. Ẹ̀yà ara yìí máa ń ṣe omi kan. Omi náà dà bí kọ́kọ́rọ́. Ó ń ṣí ọ̀nà kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè wọ inú ara, kí ara lè ní agbára. Bí omi náà kò bá sí, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, á máa bá ìtọ̀ jáde, ara á sì máa rù.

Banting kò rí oorun sùn dáadáa ní òru yẹn. Ó ń ronú bí a ṣe lè yọ omi náà lára ẹranko, kí a fi tọ́jú ènìyàn. Ní nǹkan bí aago 2 òru, ó kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé.

Ó lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n John Macleod ní Toronto. Macleod mọ̀ pé àwọn mìíràn ti gbìyànjú rẹ̀, kò sì bọ́ sí i fún wọn. Síbẹ̀, ó fún Banting ní yàrá iṣẹ́, ajá mélòó kan, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Charles Best.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún, ọdún 1921. Ooru mú. Ọ̀pọ̀ ajá kú. Wọ́n ṣe é, kò dára. Wọ́n tún un ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n fún ajá kan tó ní àrùn náà ní abẹ́rẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń lo ẹ̀yà ara màlúù láti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. James Collip wá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti sọ omi náà di mímọ́. Wọ́n pe oògùn náà ní ìnsúlínì.

Ní ilé ìwòsàn kan ní Toronto, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan wà tó ń jẹ́ Leonard Thompson. Ó ti rù kan eegun. Ó wúwo tó nǹkan bí kílò 29 péré. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní, ọdún 1922, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Kò ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí oògùn náà kò mọ́ tó. Wọ́n dá a dúró. Collip tún oògùn náà ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ 12, wọ́n tún gún Leonard. Lọ́tẹ̀ yìí, ṣúgà lọ sílẹ̀, agbára ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ó lo ọdún 13 sí i láyé.

Àwọn tó ṣe oògùn yìí lè fi di olówó ńlá. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e fún Yunifásítì Toronto, dọ́là 1 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà.

Ní ọdún 1923, wọ́n fún Banting àti Macleod ní ẹ̀bùn Nobel. Inú Banting kò dùn pé wọn kò dárúkọ Best. Ó fún Best ní ìdajì owó tirẹ̀. Macleod náà fún Collip ní ìdajì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Banting kú ní oṣù kejì, ọdún 1941, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú tó wọ̀ já. Ọmọ ọdún 49 ni.

Ìnsúlínì kì í lé àrùn ìtọ̀ ṣúgà lọ pátápátá. Ẹni tó nílò rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbà á lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ó ń dá ẹ̀mí sí, níbi gbogbo láyé, títí kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Àrùn náà kì í ràn. Ọmọ tó ní in lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kàwé, kó sì bá wọn ṣeré. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, tí í ṣe ọjọ́ ìbí Banting, gbogbo ayé máa ń sọ̀rọ̀ nípa àrùn yìí.

Ìbéèrè
1. Iṣẹ́ wo ni bàbá Frederick ń ṣe?
2. Kí ni ìnsúlínì ń ṣe nínú ara wa?
3. Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò fi ṣiṣẹ́ dáadáa fún Leonard?
4. Kí ni Banting fi owó ẹ̀bùn rẹ̀ ṣe? Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Sọ ìdí rẹ̀.