Ìgbésí Ayé Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun

 Ìtàn oníṣègùn kan tí ó ṣiṣẹ́ nínú ìlú Ìbàdàn yìí ni a mú wá fún yín, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kan àwọn àgbà wa tí ń ṣarán, tí àwọn aláìmọ̀ sì ń pè ní àjẹ́.

Ní ọdún 1935 ni a bí Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì. Ó kàwé ní Christ's School, Adó-Èkìtì, kí ó tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Àrùn ọpọlọ ni ó yàn láàyò. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ṣe ọ̀gá àgbà ní ilé ìwòsàn UCH.

Kí iṣẹ́ rẹ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa purotéènì. Kì í ṣe inú ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà nìkan ni ó wà. Òun ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì ara wa. Ó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ni ara ń lò. Nígbà tí a bá sín wọn tán, okùn náà a ká jọ, a di ìrísí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́. Èyí tí ó bá gbó, tàbí tí kò ká dáradára, sẹ́ẹ̀lì a tú u, a sì tún ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lò.

Ọ̀ṣuntókun rí àwọn ènìyàn kan, pàápàá ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tí etí wọn sì ń di. Ó yẹ oúnjẹ wọn wò, ó rí i pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ jù. Ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáradára a máa ní májèlé sáyánáìdì nínú, ìlẹ̀kẹ̀ purotéènì tí ó ní imí-ọjọ́ ni ara sì ń lò láti sọ májèlé náà di ohun tí ìtọ̀ lè gbé jáde. Ní 1968, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn wá irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ tì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà.

Nígbà tí ó yá, ó kọjú sí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó tí a ń pè ní Alzheimer. Nínú ọpọlọ ẹni tí àrùn yìí mú, ègé purotéènì kan tí ń jẹ́ amyloid a ká lódì, a lẹ̀ mọ́ra, ara kò sì ní rí i kó kúrò tán. Ní 1994, Ọ̀ṣuntókun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí amyloid nínú ọpọlọ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó ti kú. Ṣáájú èyí, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà Ìdíkàn níhìn-ín ní Ìbàdàn wò, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà.

Ọlọ́jọ́ dé ní 1995, nígbà tí ó jẹ́ ẹni 60 ọdún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró. Ní 2001, àbájáde rẹ̀ fi hàn pé nínú 1,000 àgbà ní Ìbàdàn, nǹkan bí 12 ni Alzheimer ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan. Ní Indianapolis, nǹkan bí 25 ni.

Àrùn náà kéré láàárín wa, ṣùgbọ́n ó wà. Bí ìyá àgbà bá gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, tí ó sì ń rìn kiri lóru, ó lè jẹ́ pé purotéènì ni ó ká lódì nínú ọpọlọ rẹ̀. Kò pa ẹnì kan jẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a lù ú, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tì í mọ́lé. Òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún Ọ̀ṣuntókun, kí ó sì jẹ́ kí ìmọ̀ tí ó fi sílẹ̀ wúlò nínú ilé olúkúlùkù wa.