Imre Nagy

Imre Nagy (7 Oṣù Kẹfà 1896 – 16 Oṣù Kẹfà 1958) jẹ́ olóṣèlú ọmọ orílẹ̀-èdè Húngárì. Ó jẹ́ Alákóso Àgbà lẹ́ẹ̀mejì: láti 1953 sí 1955, àti fún ọjọ́ díẹ̀ nígbà Ìṣọ̀tẹ̀ ọdún 1956.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú Kaposvár ni wọ́n ti bí i, sínú ìdílé mẹ̀kúnnù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Rọ́ṣíà mú un lẹ́rú ogun, ibẹ̀ ni ó sì ti di kọ́múnístì. Ó gbé ní Mọsko láti 1930 títí di 1944. Nígbà tí ó padà sílé, òun ni mínísítà ètò ọ̀gbìn tí ó bójú tó pípín ilẹ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní 1945.

Nígbà tí ó di Alákóso Àgbà, ó dẹ́kun fífi ipá kó àwọn àgbẹ̀ sínú oko àjùmọ̀ni, ó sì ti àwọn àgọ́ ìfinisẹ́wọ̀n pa. Inú Mátyás Rákosi, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú náà, kò dùn sí i. Ní 1955, wọ́n yọ Nagy nípò, wọ́n sì lé e kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ọdún 1956

Ní 23 Oṣù Kẹwàá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tú jáde ní Budapest. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dá Nagy padà sípò. Ó kọ́kọ́ fẹ́ pa iná ìjà náà, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn ó dúró ti àwọn aráàlú. Ó gba ìjọba ẹlẹ́gbẹ́ púpọ̀ láàyè, nígbà tí ó sì di 1 Oṣù Kọkànlá, ó kéde pé Húngárì ti kúrò nínú Àdéhùn Warsaw. Ní ìdájí 4 Oṣù Kọkànlá, àwọn ọkọ̀ ogun Sófíẹ̀tì ya wọ Budapest. Nǹkan bí 200,000 ènìyàn sá kúrò ní orílẹ̀-èdè náà.

Nagy sá sí ilé aṣojú Yugosláfíà. János Kádár, tí ó ti jẹ́ mínísítà lábẹ́ rẹ̀ kí ó tó gba ìjọba, ṣèlérí pé kò sí ohun tí yóò ṣe é. Ní 22 Oṣù Kọkànlá tí ó jáde, àwọn ará Sófíẹ̀tì mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí Románíà.

Ikú àti ìdápadà iyì rẹ̀

Wọ́n ṣẹjọ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ó kọ̀ láti tọrọ àforíjì. Wọ́n yẹgi fún un pẹ̀lú Pál Maléter àti Miklós Gimes, wọ́n sì sin ín ní ìdojúbolẹ̀ láìfi àmì sí ojú oórì rẹ̀.

Ní 16 Oṣù Kẹfà 1989, tí ó pé ọdún 31 géérégé, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn péjọ sí Gbàgede Àwọn Akọni ní Budapest láti tún un sin pẹ̀lú ọlá. Ní 6 Oṣù Keje, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé ìdájọ́ náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Kádár kú.